Kí Ó Tó Gba Kọ́kọ́rọ́

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ilé ń pè é, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tó ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń bá àwọn ilé ìwòsàn ṣírò ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá gba oògùn. Ọ̀fẹ́ ló gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù ló ń lò ó. Àwọn tó ń lò ó kò níye, àwọn tó ń dúpẹ́ kò pé ìka ọwọ́ kan. Ọmọ aráyé náà nìyẹn.

Ojú ló wá ń dùn ún. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó dín wíwo kọ̀ǹpútà kù, kí ojú náà má baà fọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́? Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni burúkú, ọjọ́ oògùn àwọn aláìsàn á dà rú, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà lára ètò náà.

Àfi bí àlejò kan ṣe yọ sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní òun á bá a gbé ẹrù náà, kó ṣáà fún òun ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àṣẹ láti yí ètò náà padà láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló bèèrè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ti tẹ lẹ́tà ìfọwọ́sí sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wo ló ti bá ẹ ṣe?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan o. Ó ṣáà ń yá a lára ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ló ń yá a lára láti gbà. Èmi kì í fún ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ ní sísọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aṣọ tí wọ́n rán bàjẹ́ ni mo máa ń kó fún un, pé kó tú òwú rẹ̀. Ẹni tó bá tú u tán láì ya aṣọ, ìyẹn fẹ́ràn iṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà, gbogbo ayé lẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ wọ̀n."

Síbẹ̀, ó gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní kí àlejò náà kọ́kọ́ bá òun tún àṣìṣe inú ìwé atọ́nà ètò náà ṣe, ojú ewé mọ́kànlélógójì. Àlejò fèsì pé òun kò ráyè ìranù, ó tún bèèrè kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà pa lẹ́tà ìfọwọ́sí rẹ́, ó sì gbé iṣẹ́ ìwé náà síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìròyìn kan gba ẹnu gbogbo àwọn tó ń kọ ètò. Àlejò yìí kan náà ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá kan tó ń kọ ètò, tí iṣẹ́ ti sú, ó sì ti fi ọ̀nà tí olè á máa gbà wọlé pamọ́ sínú ètò bàbá náà. Ìyá Kọ̀ǹpútà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá jókòó sórí òkìtì aṣọ. Àánú bàbá yẹn ṣe é, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ fúyẹ́ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, olówó orí mi."

"Dìde lórí aṣọ oníbàárà ná."

Nígbà tó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó rí i pé ẹnì kan ti ń tún ìwé atọ́nà náà ṣe: obìnrin kan tó ń kọ ètò fún ilé ìwòsàn kan, tí kò tọrọ ohunkóhun. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ló ti ṣe. Ìyá Kọ̀ǹpútà kọ̀wé bi í pé ṣé yóò gba kọ́kọ́rọ́ ètò náà lọ́wọ́ òun.

Èsì dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n parí ojú ewé méjìlélógún tó kù ná."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì fún ojú rẹ̀ ní ìsinmi tí dókítà ti ń bẹ̀ ẹ́ fún.