Orúkọ Mẹ́jọ Tí Mo Kọ ní Ilé Olópòó

Nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó ní Àbíjàn, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣì wà nílé ìwé, ìsọ̀ mẹ́jọ ló wà ní Ilé Olópòó ní àdúgbò Treichville. Mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé àwa àgbà jà fún ilé náà, a sì borí. A borí lóòótọ́. Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe borí.

Òyìnbó kan ló kọ́ ilé náà kí wọ́n tó bí mi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó àpò kọfí sí kí wọ́n tó gbé e lọ sí èbúté. Nígbà tí òyìnbó lọ, àwọn bàbá wa láti Ṣakí àti Ìgbòho gbà á, wọ́n fi pákó pín in sí mẹ́jọ, wọ́n ń ta àwo tánganran àti àtùpà. Nígbà tó kàn wá, aṣọ àti àgádágodo ni. Àmọ́ òpó kò yí padà, ilẹ̀kùn irin tí à ń fà wálẹ̀ náà kò yí padà. Mo mọ ariwo irin olúkúlùkù láàárọ̀. Ti Rábíátù, ìyàwó mi, máa ń há lẹ́ẹ̀mejì kó tó gòkè.

Èmi kọ́ ni mo mú un débẹ̀ o, òun ló mú mi débẹ̀. Súlè ará Ìgbòho, bàbá rẹ̀, ló ni ìsọ̀ kẹta. Súlè kú, Rábíátù jókòó síbẹ̀, síbẹ̀ ìsọ̀ Súlè la ṣì ń pè é, orúkọ Súlè náà ló wà nínú ìwé ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ìsọ̀ yòókù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ṣí ìsọ̀ ló ni ín. Ọmọ tó bá pa orúkọ bàbá rẹ́, wọ́n á ní ṣé ó ń yọ̀ pé bàbá kú ni.

Rábíátù nìkan ló máa ń jà sí i. Á ní, "Bàbá Múyìí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ jẹ́ ká lọ yí orúkọ yìí sí tèmi. Òkú kì í lọ sí ọ́fíìsì."

Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ìyẹn náà ló sọ mí di akọ̀wé ẹgbẹ́ onísọ̀. Mo ní, "Ṣé kí ará ilé gbọ́ pé èmi tí mo jẹ́ àna ni mo yọ orúkọ Súlè?"

"Ẹ kú ìtìjú o," ló fi dá mi lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá àmì pupa lára òpó àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa. A ṣe ìpàdé. Àwa ọkùnrin ń sọ pé ká lọ bẹ̀bẹ̀. Rábíátù dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀ nù: "Ẹ máa bẹ̀bẹ̀ lọ. Èmi ń wọ inú ìsọ̀ bàbá mi, màá fa irin wálẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wó o mọ́ mi lórí."

Ojú tì wá. Nígbà tí ọjọ́ kẹta pé, gbogbo wa wọlé, a fa irin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wálẹ̀, a fi àgádágodo láti orí àtẹ mi tì wọ́n nínú.

Ooru yẹn kò ṣeé ròyìn. Oòrùn ń yan irin, irin ń yan wá. Pákó ló pààlà láàárín wa, nítorí náà a ń gbọ́ ara wa. Lásísì pariwo láti ìsọ̀ kìíní: "Tí mo bá kú síbí, ẹ má ta ọjà mi ní gbàǹjo o!"

Rábíátù dá a lóhùn: "Ta ló fẹ́ rà á? Ìgbà tó o wà láàyè gan-an, wọn ò rà á."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la gbọ́ katakata tí wọ́n ṣáná sí níta, ẹ̀rín kú.

Nígbà náà ni ẹnì kan lóṣòó síwájú irin wa. Mùínátù ni, ọmọ tí wọ́n bí sí Àbíjàn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìsẹ́yìn. Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Tọ́ńtọ̀n," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá níbí nìyẹn, "ilé yìí, patrimoine ni, ogún gbogbo ìlú. Ilé náà ti pẹ́. Wọn ò lè wó o. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ni ìsọ̀, kí n fi sínú ìwé rẹ̀. Vite, tọ́ńtọ̀n, ẹ yára!"

Mo gbé bébà lé itan, mo kọ orúkọ àwọn tó ni ìsọ̀, bí a ṣe máa ń kà wọ́n. Òógùn mi ń kán sí i. Rábíátù fi iná fóònù rẹ̀ tàn sí i.

"Kí lẹ kọ sí ìsọ̀ kẹta?"

"Súlè."

"Ẹ fi orúkọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Bébà ti kún."

Bébà kò kún. Mo rò pé orúkọ àtijọ́ ni yóò jẹ́ kí ilé níyì, pé tí mo bá da ti alààyè pọ̀ mọ́ ọn, yóò dà bí ilé tí wọ́n kọ́ láná. Mo ti bébà gba abẹ́ irin jáde.

Mùínátù mú bébà náà lọ bá wọn, katakata sì padà lọ. Wọ́n nu àmì pupa kúrò. A jó lójú títì ọjọ́ yẹn, Rábíátù náà jó.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ilé ṣe, pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yóò ní ààyè padà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan dúró lábẹ́ òpó, ó ń pe orúkọ ní èdè Faransé. Ó pe àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pe ìkejì. Ó wá pe Súlè.

"Présent!" Rábíátù ló dáhùn.

Òṣìṣẹ́ náà wò ó. "Mámà, ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Súlè?"

Àwọn ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ rẹ̀ ni mí. Èmi ni mo jókòó sínú ooru."

"Orúkọ yín dà níbí?"

Kò wo òṣìṣẹ́ náà. Èmi ló wò.

Orúkọ mẹ́jọ, òkú mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ pa ìwé dé, ó ní àwọn onísọ̀ kò wá, àti pé pákó tó wà láàárín ń ba ẹwà ogún ìlú jẹ́, kí wọ́n yọ ọ́. Mùínátù ń sunkún: "Tọ́ńtọ̀n, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ àwọn orúkọ yẹn."

Kí la fẹ́ sọ? Tí a bá pariwo pé ìwé náà kò pé, katakata lè padà wá. Tí a bá ní ó pé, a ti dẹni ìta. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ti ilẹ̀kùn náà.

Rábíátù ń ta aṣọ lábẹ́ agboòrùn létí títì lẹ́yìn náà, nínú òjò, nínú oòrùn. Kò bá mi jà rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló bi mí, lórí ibùsùn àìsàn tí kò dìde mọ́: "Bàbá Múyìí, bébà yẹn, ṣé ó kún lóòótọ́?"

Mo ní, "Ó kún."

Ilé Olópòó wà níbẹ̀ lónìí, ó funfun báláú. Kọfí ni wọ́n ń mu níbẹ̀ báyìí, lórí ibi tí àpò kọfí wà látijọ́. Wọ́n kọ orúkọ àwọn bàbá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sára ògiri, ó sì dára, mi ò ní purọ́. Ẹ lè fọwọ́ kan òpó náà. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé Múyìí ọmọ wa ni mo wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíì. Mi ò lè padà sí Ìgbòho kí n fi sàréè Rábíátù sílẹ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè kọjá ní òpópónà yẹn.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn irin lọ́jọ́ náà rèé. Ìsọ̀ kìíní, Lásísì. Ìkejì, Bíntù. Ìkẹrin, Ràímì. Ìkarùn-ún, Mọ́mọ́dù. Ìkẹfà, Sìkírátù. Ìkeje, Àlíù. Ìkẹjọ, Wàhábì.

Ìkẹta, Rábíátù.

Bébà kò kún.