Ọmọ Kan ní Ojú Ìwé Kẹtàlélógójì

Ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe aránwèé, tó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ewé ìwé pọ̀, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì. Òkè ni àbúrò rẹ̀ ti ń kọ́ni, ní àjà kẹta.

Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n ló kúrò níléèwé kí àbúrò lè máa lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tó bá gbọ́ tí wọ́n ń pe àbúrò ní "ọ̀mọ̀wé" lórí àtẹ̀gùn, owú á gún un bí abẹ́rẹ́ tó wọ abẹ́ èékánná.

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò gbé ìwé tó kọ wá fún rírán. Ó dá lórí ibi tí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ṣẹ̀ wá. Aránwèé kì í ka ohun tó ń rán. Nọ́ńbà ojú ìwé nìkan ló ń wò. Èyí, ó kà á. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló fún wa ní ẹ̀tọ́, àwọn kan ní òfin ni, àwọn kan ní làákàyè. Ó dé ojú ìwé kẹtàlélógójì: ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́ dèèyàn, ẹ ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

Òun ẹ̀gbọ́n gan-an ni ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, àbúrò fọ́ àtùpà, bàbá sì fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta nínú òjò.

Ó yí ìdìpọ̀ ewé tí ojú ìwé náà wà nínú ẹ̀ dorí kodò, ó rán an bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àbúrò wá wo iṣẹ́ náà, ó ṣí i débẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ibí yìí dorí kodò."

"Ọwọ́ ló yẹ̀."

"Ọwọ́ yín kì í yẹ̀."

"Ta ni 'ọmọ kan'?"

Àbúrò rọra jókòó. "Ẹ̀yin ni."

"Kò lórúkọ? Kódà ẹni tó o ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò lórí ò nídìí, o kọ orúkọ ẹ̀."

"Tí mo bá kọ orúkọ yín, wọn á ní tiyín nìkan ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọmọ ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́."

"Ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ ọ́."

 Lọ́la ni ìwé gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n já òwú náà. Ó dá ewé padà sí ipò rẹ̀, ó tún un rán, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí àbúrò kọjú sí fèrèsé, ẹ̀gbọ́n mú pẹ́ńsùlù, ó kọ "èmi ni" sí ẹ̀yìn ìdìpọ̀ náà, níbi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Ó wá fi gọ́ọ̀mù bò ó. Aránwèé mìíràn nìkan ló lè rí i, lọ́jọ́ tí ìwé náà bá gbó, tí wọ́n sì tú u láti tún un rán.