Àyà Là Ń So Ó Mọ́

Oyún oṣù méje ni mo bí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìyá ọkọ mi láàyè láti wo ọmọ náà, ó ti Ejìnrìn wá pẹ̀lú agbọ̀n ẹja gbígbẹ lọ́wọ́. Ó wo ọmọ títí, ó ní, “Ọmọ eku nìyí.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìyàwó ilé ni mí. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ síbi tí mi ò ti ní wá a tì.

Kí n má parọ́, ẹ̀rù ọmọ náà ń ba èmi pàápàá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè mu omi nínú ife kí n má dà á sára. Ọmú mi gbẹ. Mo ń jókòó ti àpótí onígíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, mò ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó mí, tèmi náà á dúró. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ bùláòsì mi, tó gbé e lé mi láyà pẹ̀lú pámpáàsì àti fìlà nìkan, tó fi ìró so wá pọ̀, ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi tó dúró jẹ́ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ọmú ti ń jò. Nọ́ọ̀sì ní kangarú ni wọ́n ń pè é, kí n máa ṣe é nílé títí ọmọ á fi sanra.

“Kí ló ń jẹ́ kangarú?” ni ìyá ọkọ mi bi í. Nọ́ọ̀sì ní ẹranko kan ni, tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò níkùn. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

“Ẹranko!” Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́. “Nínú ìdílé wa? Ẹ̀yìn là ń pọn ọmọ sí! Ọmọ tí wọn ò bá pọ̀n sẹ́yìn, ẹ̀yìn ọ̀la wo ló fẹ́ rí?”

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a délé ní Ìkòròdú, mo gbé ọmọ lé ìyá ọkọ mi, tó wá bá wa gbé, láyà kí n lè sáré wẹ̀. Kí n tó jáde, ó ti fi àǹkárá tuntun pọ̀n ọ́n, ó ń rìn káàkiri iwájú ilé, ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, “Ẹ wò ó, ó gba ẹ̀yìn.” Orí ọmọ ti tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo fi máa já a gbà, ètè rẹ̀ ti dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù bí ẹja inú yìnyín. Mo so ó mọ́ àyà, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láìwọ bùláòsì. Ní Gáréèjì, àwọn agbèrò rí mi, wọn ò bú mi, ńṣe ni wọ́n ń lé ọkọ̀ kúrò lọ́nà. Ọjọ́ mọ́kànlá la tún lò ní ọsibítù. Ìyá ọkọ mi ní àmúwá Ọlọ́run ni. Kò bẹ̀ mí títí dòní.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí i, tí mò ń bu ọbẹ̀ fún un, tí mo sì ń retí ọjọ́ tèmi. Ọmọ mi ti ń sáré kiri nígbà náà.

Ní òjò ọdún yìí, ọmọbìnrin rẹ̀, àbúrò ọkọ mi, bímọ ní Ìjẹ̀dẹ́. Oyún náà ò pé oṣù, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò lè jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́.

“Ìyàwó mi, ìwọ lo mọ kangarú yẹn. Wá bá wa gbé ọmọ yẹn, kó má bàa kú.”

Inú mi dùn. Mo fọ abọ́ méjì tí kò dọ̀tí, kó lè dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé, “Ẹ̀yìn là ń pọn ọmọ sí, Màámi.”

Ó kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ fún mi! Mi ò sì sáré gbé e dìde.

Nígbà tí a dé Ìjẹ̀dẹ́, mo wo ọmọ náà. Ó kéré ju tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ eku ti dé orí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n ọmọ ò ṣẹ̀ mí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nọ́ọ̀sì bi wá pé ta ló máa gbé e mọ́ra. Mo ní, “Ìyá àgbà rẹ̀ ni.”

“Èmi kẹ̀? Ọmú mi ti gbẹ.”

“Àyà ni wọ́n fẹ́, Màámi. Wọn ò béèrè ọmú.”

Èmi fúnra mi ni mo tú bọ́tìnnì rẹ̀. Mo fi ìró so ọmọ mọ́ ọn, mo fa ìró náà le títí ó fi kùn. Mo ní kó má dìde, kó má sùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n gẹ́lẹ́ bíi tèmi lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó dẹ́kun gbígbọ̀n.

“Ó ń mí sí mi lára,” ló wí. Ó fọwọ́ bo ẹ̀yìn ọmọ. “Ṣé báyìí ni tìrẹ náà ṣe ń mí, lọ́jọ́ tí mo pọ̀n ọ́n?”

“Báyìí náà ni, mà.”

Omijé rẹ̀ ń kán sórí fìlà ọmọ. Ó gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi, ó ń retí kí n sọ pé kò burú. Mo tún fìlà ọmọ náà ṣe, mi ò sì sọ ọ́.