Ibi Tí Wọ́n Sin Àkọ́bí Mi Sí

Ọmọ ọdún méje ni àkọ́bí mi nígbà tí ibà pa á. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣàìsàn. Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé ní Ikosi nígbà náà. Mò ń ránṣọ níwájú ilé, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ogudu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé, òun àti bíríkìlà kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé wa ni wọ́n jọ gbé e. Ìró mi ni wọ́n fi wé e. Àwọn obìnrin ilé mú mi wọ yàrá ìyá onílé, wọ́n jókòó ti ilẹ̀kùn. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ìyá onílé ń wí léraléra. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà títí dòní.

Ọkọ mi tẹ̀ lé wọn jáde. Nígbà tó padà, ó ní wọ́n dá òun dúró létí títì, wọn ò jẹ́ kí òun dé ibẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ibi tí wọ́n sin ín sí.

"Ìyàwó, òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Má béèrè mọ́."

Mo gbà. Ohun tó jẹ́ kí n lè gbà ni pé àwa méjèèjì la ò mọ̀. Nígbàkúùgbà tí ẹkún bá gbé mi, ọkọ mi á ní a jọ wà nínú rẹ̀ ni. Ọdún méjìlá ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ìrọ̀rí. Mo bí ọmọ méjì mìíràn.

Lọ́dún tó kọjá, bíríkìlà ọjọ́sí yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu. Ó ti kó kúrò ládùúgbò wa tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, ó mú un wá ránṣọ. Bí mo ṣe ń wọn ọmọ náà, bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Mummy, Ọlọ́run ló gbà yín o. Bí Daddy ṣe wólẹ̀ sórí sàréè lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé a ò ní rí wọn gbé délé."

"Daddy wo?"

"Daddy tiyín," ló wí, kó tó rí ojú mi. Ó fẹ́ yí i padà. Ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún mi.

Àdúgbò Sangisa ni wọ́n sin ín sí, lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rà tí kò tíì kọ́ nígbà náà. Ọjọ́ kejì, mo ní kó mú mi débẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la bá. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Bíríkìlà náà nàka láti ẹnu géètì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́wọ́ ọ̀tún. Kòtò tí ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ wọn ń ṣàn sí ló wà níbẹ̀, wọ́n fi kọnkéré bò ó. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ń sá aṣọ lórí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ Ma. Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo ní mo ṣì ilé ni. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Kò ṣẹ̀ mí.

Ọkọ mi ń jẹun nígbà tí mo wọlé. Mo ní, "Sangisa ni mo ti ń bọ̀."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kò bi mí ní ohun tí mo rí, nítorí ó mọ̀ ọ́n. Ó jẹ́wọ́ pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀ náà, òun sì fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Kó o sọ fún mi. Ǹ bá fọwọ́ ara mi hú u kúrò níbẹ̀."



Lọ́jọ́ ọdún tuntun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí wa. Mi ò kúnlẹ̀. Ó ti gbọ́, ó sì ti múra sílẹ̀.

"Ìyàwó, àṣà ni. Kì í ṣe ìkà."

"Àṣà ló ní kí n má mọ̀," ni mo wí. "Àṣà wo ló ní kẹ́ ẹ tà á?"

Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ọkọ mi ní ó tó báyìí. Mo ní kò tíì tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, kò fọwọ́ kan oúnjẹ wa.

Èmi àti ọkọ mi ṣì jọ ń gbé. Mò ń se oúnjẹ rẹ̀, mò ń dá a lóhùn. Àwọn ẹbí ní kí n dárí jì í, pé ọjọ́ ogbó ti ń dé. Mi ò tíì ṣe é, mi ò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.