Ìbò Tí Wọ́n Dì Lórí Ọmọ Kan

Gọ́fúnmẹ́ntì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Odò-Ọwá. Ní táàmù kejì la máa ń dé orí Amẹ́ríkà: bí àwọn tó dá ìjọba wọn sílẹ̀ ṣe kọ ọba, tí wọ́n pín agbára sí mẹ́ta, kí ẹni tó ń ṣòfin má baà jẹ́ ẹni tó ń pàṣẹ, kí ẹni tó ń pàṣẹ má sì jókòó bí adájọ́. Ẹ̀kọ́ náà kì í dùn mọ́ wọn. Òjò á máa lu páànù, èmi á máa pariwo, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa sùn. Èmi gan-an a máa bi ara mi pé kí ni Amẹ́ríkà wá ṣe láàárín oko iṣu.

Ọmọbìnrin kan ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé ìbò, pé ibi tí ọ̀pọ̀ bá wà ni ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ sí, ojú rẹ̀ tàn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń dìbò lé lórí ní kíláàsì: ẹni tó máa gbálẹ̀, ẹni tó máa pọnmi. Mo ń bú wọn pé wọ́n fẹ́ sọ mí di ààrẹ tí kò lágbára. Inú mi sì ń dùn.

Bàbá ọmọbìnrin náà, tó ń wa takisí lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ló kú lójijì. Àwọn ẹbí wálé láti Èkó àti Ìlọrin, wọ́n sin ín. Nílé wa níbí, tí bàbá bá kú, ẹrù nìkan kọ́ ni wọ́n ń pín, wọ́n ń pín ọmọ pẹ̀lú. Kì í ṣe ìkà. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ọmọ yìí tẹ̀ lé àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin lọ sí Ìlọrin, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ìyá rẹ̀ sáré wá bá mi.

“Tíṣà, ìn bá mi dé ulé. Ìn bá mi bẹ̀ wọ́n, kó ka ìwé rẹ̀ tán.”

Mo lọ. Ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí í ṣe olórí ẹbí, ló jókòó láàárín. Mo kúnlẹ̀, mo ní ọdún kan péré ló kù kí ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣejáde. Ó gbọ́ mi dé ìparí, kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

“Tíṣà, a dúpẹ́. Ulé ria l'a wà yí, éè ṣe ulé ìwé.” Ilé wọn ni lóòótọ́.

Ìgbà náà ni ọmọ yẹn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin, ẹ̀yin lẹ dájọ́, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ mú un ṣẹ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé dìbò sí i.”

Orí mi wú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, kò bínú rárá. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ náà lọ sí Ìlọrin nawọ́ sókè. Ọwọ́ gòkè káàkiri, títí kan ti àwọn ọ̀dọ́ tó ti Èkó wá, tí wọ́n ń sọ òyìnbó síra wọn.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí wọn kì í ṣe nílé yẹn. Ó kọjú sí opó. “Ìyàwó, ọmọ rẹ ni. Dá tìrẹ sí i.”

Obìnrin náà wo àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré mẹ́ta tó jókòó sídìí ògiri, tí wọn kò tíì sọ ẹni tó máa kó wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó sì nawọ́.

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n lè fi mẹ́ta sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ yẹn nígbà tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ gòkè, omi sì bọ́ lójú mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Ọmọ náà ló fà mí sókè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. “Mà, ẹ má sunkún. Ìbò ti jáde.” Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó kàn lọ́sẹ̀ kejì ni bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe rí i pé ìbò nìkan kò tó, tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Mo kọ́ wọn. Wọ́n dà á kọ, àwọn kan sùn. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà ní Ìlọrin, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́.