Ọwọ́ Akàn Tó Kù Sí Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi fi etí sílẹ̀ díẹ̀. Akàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di olè ní Ayétòrò, ìlú wa létí òkun! Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà náà, ohun gbogbo la jọ ni. Ẹni tó pa ẹja kì í gbé e lọ sílé ara rẹ̀; ilé ìdáná kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, ibẹ̀ la sì ti ń bu oúnjẹ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Dèbórà ni wọ́n fi síṣẹ́ akàn. Ọmọge ni wá, n kì í sì í ṣe nǹkan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ọkọ̀ tó dúró, mo ti ń fa akàn yọ nínú àwọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Rúùtù, olórí ilé ìdáná, da agbọ̀n wa sílẹ̀. Wọ́n yí akàn kan síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Ọwọ́ ńlá tó fi ń mú nǹkan, ẹyọ kan ló kù. Akàn mìíràn ò tilẹ̀ ní rárá!

"Èsítérì, ọwọ́ akàn dà?"

Mo ní n ò mọ̀. Wọ́n ní ṣebí ọwọ́ yẹn lẹran rẹ̀ dùn jù, àbí ó fò lọ ni? Wọ́n ní ó dà bíi pé àwa méjì ń sun ún jẹ nínú igbó ẹ̀gbà létí omi ká tó wọlé. Hà! Nílùú tí a ti jọ ń jẹun, ta ló ń dá jẹ? Wọ́n ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí n wá sọ níwájú gbogbo obìnrin ibi tí ọwọ́ akàn gbà lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á gba àjẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, kí n lọ máa fọ aṣọ. Èmi tí wọ́n bí sínú ọkọ̀!

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Mo rìn lórí pákó tí a fi ṣe ọ̀nà ìlú dé etí omi, mo padà.

"Jókòó jàre," Dèbórà ní, "àbí o fẹ́ dá pákó ìlú lu ni?"

Báwo ni n ó ṣe jókòó? Èmi gan-an ò mọ ibi tó ń gbà lọ! Mo kàn máa ń gbọ́ "kẹ́" létí ọkọ̀, nǹkan á já bọ́ sómi, n kì í wẹ̀yìn wò.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Mo gbé akàn ààyè kan tí ọwọ́ rẹ̀ pé lọ síwájú wọn, kí n fi bí mo ṣe ń yọ ọ́ hàn. Bí mo ṣe di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, ó fi ìkejì mú mi níka! Mo ké. Ẹ̀rín sọ.

"Ẹlẹ́rìí ti mú olè!" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kígbe.

Mo gbọn ọwọ́, mo tún gbọn ọ́n. Kẹ́! Akàn já bọ́ sórí pákó, ó ń sá lọ sétí omi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níka mi, ó ń fún mi!

Màmá Rúùtù mú akàn náà, wọ́n wo ibi tí ọwọ́ ti yọ. Kò ya. Oríkèé kan ló ti já, ó mọ́ roboto, awọ fẹ́lẹ́ sì ti dí ojú ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn.

"Fúnra rẹ̀ ló jù ú sílẹ̀," ni wọ́n sọ jẹ́ẹ́.

A fi í sínú igèrè létí omi, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó. Kókó kékeré kan yọ lójú egbò náà. Nígbà tí akàn bọ́ èèpo rẹ̀, ọwọ́ tuntun jáde, kékeré bíi ti ọmọ tuntun! Ṣùgbọ́n akàn mìíràn wà tí mo ṣèèṣì fi àjẹ̀ fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀; omi ara tiẹ̀ ṣàn títí ó fi kú. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè já nìkan ni akàn ti lè gba ara rẹ̀ là.

Wọn ò gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi. Màmá Rúùtù bẹ̀ mí níwájú àwọn obìnrin yẹn kan náà, wọ́n wá ní, "Olè kọ́ ni ọ́, Èsítérì. Oníwàdùwàdù ni ọ́."

Òótọ́ ni! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ki àwọ̀n bọ omi, kí akàn fúnra rẹ̀ jọ̀wọ́ àwọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ojú egbò dáadáa kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Ta ni wọ́n ti fẹ̀sùn ohun tí kò ṣe kàn rí nínú yín? Báwo lẹ ṣe bọ́? Ẹ kọ ọ́ sí mi, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ojú mi ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́.