Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Lóko Ọsàn

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ra tírákítọ̀ kékeré kan ní tòkunbọ̀ l'Ékòó. Irú èyí tí wọ́n fi ń gé koríko àgbàlá ni. Èèyàn kan ṣoṣo ló lè jókòó lé e, abẹ irin rẹ̀ sì ń yí lábẹ́ ikùn rẹ̀. Oko ọsàn tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa lẹ́bàá Odogbolu ló rà á fún, nítorí a kì í rí alágbàṣe mọ́, koríko sì fẹ́ bo àwọn igi mọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú wa dùn sí i. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á dáhùn kíá, ohùn rẹ̀ á já gaara. Ẹ̀gbọ́n mi á gé ìlà igi kan tán, á yí padà, á bọ́ sí èkejì. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á yìnbọn lẹ́nu sàlẹ́ńsà, á sì kú. Tí a bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, á tún jí. Á gé díẹ̀ sí i, á tún kú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ní sùúrù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ti wa ọkọ̀ gẹdú láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ sí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ẹnu rẹ̀. Ojú mi ló ṣe tó gbá ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ létí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde nímú ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí tírákítọ̀ kọ́kọ́ kú mọ́ ọn nídìí, ó ta á ní ìpá. Nígbà tó tún kú, ó fi sípánà ńlá tí wọ́n fi ń tú táyà lu bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ó fi tẹ̀ bí agolo.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyẹn tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, ó tẹ̀ ẹ́ níwájú wa, ẹ́ńjìnnì náà sì ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. A gbé e padà sóko. Kò tíì gé ìlà méjì tán tó fi kú.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyẹn.

"Ó ń ṣiṣẹ́ nígboro," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Tó bá ti dé oko, ó kú. Kí ló wà lóko tí kò sí nígboro?"

Ojú rẹ̀ ti kọjá ààlà, ó ti dé inú oko ẹ̀gẹ́ Alájì.

Láti ayé bàbá wa ni Alájì ti jẹ́ aládùúgbò wa lóko. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti fa ọ̀rọ̀ ààlà rí, wọ́n sì bú ara wọn débi pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Ẹnì kan wá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun rí Alájì nídìí tírákítọ̀ wa.

"Ṣúgà ló dà sínú táńkì mi kó lè ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa." Èmi ni mo máa ń bójú tó ẹ̀rọ ìlọta màmá wa títí wọ́n fi kú, mo sì mọ ìwà ẹ́ńjìnnì kékeré. Mo ti yọ pulọ́ọ̀gì náà, mo ti rí i pé ó gbẹ. Epo kò dé ibẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ti tún gbé sípánà, ó ń lu irin náà bí ẹni ń lu olè.

Ìró yẹn ni Alájì gbọ́ tó fi yọ láàárín ẹ̀gẹ́, bútà àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra," ló wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí lo wá ṣe nídìí ẹ̀rọ mi lánàá?"

"Àwọn ewúrẹ́ mi ni mo wá lé kúrò lábẹ́ ọsàn yín."

Ẹ̀gbọ́n mi fi sípánà náà gbá a lẹ́nu. Ó ró bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Alájì ṣubú, bútà fò lọ, mo sì rí eyín nínú koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lé e láyà, ó ń gbá a nìṣó, ó ń sọ pé, "Jẹ́wọ́, jẹ́wọ́," bẹ́ẹ̀ ẹnu tí ọkùnrin náà máa fi jẹ́wọ́ ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo fa ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ó fi ìgúnpá gbá mi lójú, mo sì fìdí jókòó.

Ọmọ Alájì ọkùnrin, ẹni tó ti ní ìyàwó àtọmọ, ń ṣiṣẹ́ lápá òkè oko wọn. Kò pariwo rárá. Mo kàn rí i tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àdá ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ òsì sókè láti fi bo orí, àdá sì bọ́ lé ọwọ́ náà. Ìka kan já dànù. Èkejì rọ̀ mọ́ awọ. Bí ọmọ náà ṣe tún gbé àdá sókè, mo fò mọ́ ọn lẹ́yìn, mo sì ki eyín bọ èjìká rẹ̀. N kò tú u sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi kún ẹnu mi, tí àdá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mí.

Ọkọ̀ kan tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Ayépé ló gbé gbogbo wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àti Alájì sí, sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ṣàn pọ̀. Lórí ìdùbúlẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń na ẹsẹ̀ láti ta Alájì, ọmọ Alájì náà sì ń ta ẹ̀gbọ́n mi padà. Awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró, ó yọjú sẹ́yìn, ó ní, "Tí ẹ bá fẹ́ pa ara yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ lọ parí ẹ̀ nínú igbó." Wọn kò ta ara wọn mọ́ títí a fi dé.

Ọlọ́pàá ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé, wọ́n ti ọmọ Alájì náà mọ́lé. Lẹ́yìn tí àwọn ẹbí ti lọ dúró fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi wálé pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gbé tírákítọ̀ náà wá sí àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Tú táńkì ẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí gbogbo ayé rí ṣúgà."

Mo da epo náà sínú abọ́ funfun, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Kò sí ṣúgà, kò sí omi, kò sí ìdọ̀tí. Mo dà á padà, mo dé táńkì le, mo tẹ ẹ́ńjìnnì, mo sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bó ṣe fẹ́ kú, mo tú ìdérí táńkì díẹ̀. Ó mí fíìì, bí ẹni tó yọrí lódò. Ẹ́ńjìnnì bọ̀ sípò. Mo dé e pa, mo dúró, ó tún wúkọ́. Mo tú u, ara rẹ̀ tún yá.

Mo yọ ìdérí náà, mo gbé e sójú oòrùn. Ihò bíńtín kan wà lórí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo bá ṣe ń lọ. Tí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, epo kò ní jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò dí òkè agbè tí ìdí rẹ̀ ń jò. Ọ̀dà ti dí ihò náà. Nígbà tí inú wa ṣì ń dùn sí tírákítọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo ara rẹ̀ ní ọ̀dà tútù kó lè dà bíi tuntun, kò sì yọ ìdérí sílẹ̀. Mẹkáníìkì ìgboro kò rí àìsàn náà torí ó ṣí táńkì sílẹ̀ nígbà tó ń dán an wò.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Tún un ṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo tún un ṣe. Ó dìde, mo sì sún sẹ́yìn, torí ojú mi ṣì wú. Ṣùgbọ́n kò wá sọ́dọ̀ mi. Ó lọ síbi tírákítọ̀, ó sì ń fi iwájú orí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, léraléra, títí mo fi dì í mú.

"Mú mi lọ sọ́dọ̀ wọn," ló wí.

Wọ́n ti fi wáyà di àgbọ̀n Alájì, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gbé mì. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọ̀dà tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn ni. Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ìyàwó Alájì bi í pé, "Ṣé ó tán?"

Alájì dìde, ó mú ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó sì fi na ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn. Ó nà án títí òun fúnra rẹ̀ fi ń mí hẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kò mira. Èmi náà kò dá sí i. Nígbà tí ọwọ́ Alájì kò lè gbé ọ̀pá mọ́, ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé, "Ẹ gbé e lọ."

Tọ̀tún-tòsì ló kó ẹjọ́ wọn kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lọ sóko ọsàn mọ́, èmi ni mò ń gé koríko ibẹ̀. Tí mo bá dé ààlà tí mo rí Alájì, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí n tó kí wọn, torí ohùn wọn kì í jáde dáadáa mọ́. Wọ́n máa ń dá mi lóhùn. Wọ́n máa ń béèrè àwọn ọmọ mi. Wọn kò béèrè ẹ̀gbọ́n mi rí.